Àtàǹpàkò Ìyá Ọlọ́ṣẹ

Ìyá Ọlọ́ṣẹ kì í jẹ́ kí ẹlòmíì bá òun sọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ sọ ọ́, á sì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó máa ń mi ikùn rẹ̀ jìgìjìgì bí ọkọ̀ tó ń gba ọ̀nà gbágungbàgun. "Ẹ wò mí dáadáa," á wí, á na àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún sókè kí gbogbo ayé lè rí i, "òmùgọ̀ tó fi omi ẹ̀rọ ba ojú ọmọ ọmọ ẹ̀ jẹ́ rèé. Ẹ má wulẹ̀ wá a lọ síbòmíì. Ó tóbi tó báyìí, ìdí ẹ̀ gba àga méjì, ọpọlọ ẹ̀ ò sì kún ṣíbí."

Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní, "Ẹ ò mọ̀ ni, Màmá." Á dá wọn lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, òun ò mọ̀. Lẹ́yìn náà á fi àtàǹpàkò yẹn pamọ́ sábẹ́ ìka mẹ́rin yòókù, á sì wá ọ̀rọ̀ mìíràn sọ. Apá kan ṣẹ́ kù nínú ìtàn náà tí kì í sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ìfọṣọ ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan kó tó fẹ̀yìn tì. Kò sí àbàwọ́n tí kò rí níbẹ̀: ẹ̀jẹ̀, ọtí, epo, àtíkè, àti àwọn kan tó máa ń sọ pé òun ò ní dárúkọ wọn níwájú ọmọdé, tí á sì dárúkọ wọn. Ohun tó mú bọ̀ láti ibẹ̀ ni pé omi ni olórí ohun gbogbo. Ọṣẹ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ o, ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, ọṣẹ kàn ń tú ìdọ̀tí ni, omi ló ń kó o lọ. Ohunkóhun tí omi tó mọ́ bá ti ṣàn lé lórí, ó ti di mímọ́ nìyẹn, kò tún sí àríyànjiyàn níbẹ̀.

Òun àti ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ni wọ́n jọ ń gbé yàrá méjì ní òkè téńté ilé alájà mẹ́ta kan. Táǹkì omi wà lórí òrùlé, páìpù gba inú ògiri sọ̀kalẹ̀ wá sí ẹ̀rọ kan lókè bésìnì. Ẹ̀rọ náà kì í tì pa tán. Ó máa ń kán, tó, á sinmi, tó, á tún sinmi. Ọmọ náà ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́rin, nígbà tí ìyá tó bí i kú. Ó ti wá di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ẹyinjú ni ìyá àgbà ń pè é. Bí inú bá ń bí i sí i gan-an pàápàá, "Ẹyinjú, o ya wèrè ni?" ló máa wí.

Aago ọwọ́ ni Ẹyinjú ń tún ṣe, àwọn aago àtijọ́ tí kò lo bátìrì, tí inú wọn kún fún ẹ̀rọ wẹ́wẹ́. Ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó kan ló ti kọ́ṣẹ́, Ọ̀gá Aláago ni gbogbo àdúgbò mọ̀ ọ́n sí. Ọwọ́ bàbá náà ti ń gbọ̀n, ó sì ti sọ lójú gbogbo èèyàn pé bí ọdún bá parí, àga òun tó wà lójú fèrèsé di ti ọmọ yìí, àti ṣọ́ọ̀bù, àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Wàhálà kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé Ẹyinjú ò ríran jìnnà, awò ojú rẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí awò àwọn aláago, èyí tí wọ́n ń há mọ́ kòtò ojú, jókòó dáadáa. Ìdí nìyí tó fi ra lẹ́ńsì, àwọn pẹlẹbẹ rírọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú gan-an. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Ìyá Ọlọ́ṣẹ rí i tó ń fi ìka ti nǹkan wọ ojú, ó pariwo débi pé àwọn ará ìsàlẹ̀ gòkè wá.

Ọjọ́ Sátidé ni ọjọ́ ìfọnǹkan. Ẹyinjú kì í tètè jáde lọ́jọ́ náà; awò ojú ló máa ń lò títí di ọ̀sán, àwọn lẹ́ńsì á sì wà létí bésìnì nínú àpótí oníke kékeré tó ní ìdérí méjì, bí ẹni pé òun náà ní ojú tirẹ̀. Ní Sátidé kan, ìyá àgbà ṣí i wò. Ó ti ìka bọ omi inú rẹ̀. Ó ń yọ̀, ó sì ń rùn bí oògùn.

"Èyí tí ọmọ yìí ń fi sójú rèé?" ó wí fún bésìnì. "Ó ń yọ̀ bí itọ́ ọmọ ọwọ́!"

Ló bá dà á nù. Ó ṣan àpótí náà lábẹ́ ẹ̀rọ. Ó gbé lẹ́ńsì kọ̀ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi àtàǹpàkò fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń fọ ọrùn ẹ̀wù àwọn ọkùnrin tó ń sùn sí òtẹ́ẹ̀lì. Ó bu omi ẹ̀rọ tó mọ́ gaara kún inú rẹ̀, ó dé e. Inú rẹ̀ dùn. Sátidé mẹ́rin ló fi ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ̀ lé ara wọn, kò sì sọ. Kí ló fẹ́ sọ? Ṣé tó bá gbálẹ̀, ó máa ń kéde rẹ̀ ni?

Lẹ́yìn Sátidé kẹrin ni ojú ọ̀tún bẹ̀rẹ̀.

"Màmá, ẹ bá mi wo ojú mi. Ó dà bí ẹni pé yanrìn wọ̀ ọ́."

Ìyá àgbà fi ìka méjì la ojú náà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Wíwò yẹn ló pọ̀ jù. Wá jẹun."

Lọ́jọ́ kejì ojú náà pọ́n. Lọ́jọ́ kẹta omi ń dà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin Ẹyinjú fi aṣọ ìbora bo fèrèsé, nítorí ìmọ́lẹ̀ tó bá bọ́ sínú yàrá, bí ọ̀bẹ ló ń rí lójú rẹ̀. Kò ké. Ọmọ tí kì í ké ni láti kékeré. Ó kàn jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó di ọwọ́ mọ́ eékún, ó ń mí bí ẹni tó ń ka nǹkan.

Wọ́n lọ sílé ìwòsàn ojú. Obìnrin ni dókítà ibẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í kánjú sọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì tutù bí ọwọ́ ẹni tó ń kó yìnyín. Ó ní kí Ẹyinjú gbé àgbọ̀n lé orí irin, ó fi ìmọ́lẹ̀ wo ojú náà, ó kán oògùn kan sí i tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ọsàn, ó tún wò ó.

"Ìwọ àti lẹ́ńsì, àbúrò mi. Ṣé omi ti kan àwọn lẹ́ńsì yìí rí? Omi ẹ̀rọ, omi òjò, omi ibi tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́?"

"Rárá o. Ẹni tó tà á fún mi ti kìlọ̀ fún mi. Omi oògùn inú ike nìkan ni."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Bí orúkọ mi ṣe dá mi lójú, dókítà."

Ìyá Ọlọ́ṣẹ wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, báàgì rẹ̀ lórí itan, ọwọ́ rẹ̀ lórí báàgì. Àtàǹpàkò ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ó gbóná bí ìgbà tó gbé e lé irin tí wọ́n fi ń lọ aṣọ lọ́dún kìíní tó dé òtẹ́ẹ̀lì. Ó wò ó: kò pọ́n, kò wú, àtàǹpàkò lásán ni. Ó la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀, gbogbo rẹ̀ pátá, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ohun tó wá jáde ni, "Dókítà, ṣé ẹ lómi mímu níbí? Ọ̀fun mi gbẹ."

Ẹyinjú ló dìde, tòun ti ojú kan tó dì, ó fọwọ́ wá ife, ó bu omi, ó sì fi lé ìyá àgbà lọ́wọ́. Ìyá àgbà mu ún tán láì mí.

Dókítà ní ó jọ àrùn kan tó máa ń mú kí ètè èèyàn yọ egbò, pé ó máa ń gòkè lọ sójú nígbà mìíràn. Ó kọ oògùn rẹ̀ fún wọn. Kò béèrè omi mọ́.

Ọjọ́ méjìlá. Ìyẹn ni apá tí Ìyá Ọlọ́ṣẹ kì í sọ.

Lọ́jọ́ kìíní ó sọ fún ara rẹ̀ pé omi kọ́. Omi tí òun ń mu nìyẹn, tí òun fi ń sebẹ̀, tí òun fi wẹ ọmọ náà láti ìgbà tó ti lè jókòó sínú bàsíà. Omi tó lè wẹ èèyàn tí kì í pa á, ṣé lẹ́ńsì bíńtín ló máa wá tìtorí ẹ̀ ya ọ̀daràn? Dókítà sì ti ní àrùn ètè ni. Dókítà mà ni. Lọ́jọ́ kejì ó fi àkísà di ẹnu ẹ̀rọ kó má baà máa gbọ́ kíkán rẹ̀. Àkísà mu omi yó, omi wá ń gba ara rẹ̀ ṣàn sínú bésìnì láì dún rárá, síbẹ̀ obìnrin náà ń gbọ́ ọ. Tó. Á dúró dè é. Tó.

Lọ́jọ́ karùn-ún wọ́n padà lọ. Dókítà yí oògùn kan padà, ó fi òmíràn kún un. Ìyá àgbà ò wọlé tẹ̀ lé wọn. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun, ó jókòó síta.

Ẹyinjú ti kó aago mẹ́fà wálé láti ṣọ́ọ̀bù. Nínú òkùnkùn yàrá yẹn, láràárọ̀, ó máa ń fi ọwọ́ wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, á fọwọ́ yí wọn kí wọ́n lè máa ṣiṣẹ́, á tún tò wọ́n sórí àpótí. Ó ní kí ọwọ́ òun má baà gbàgbé ni. Nígbà tí ìyá àgbà bá gbé oúnjẹ wọlé, kì í rí ọmọ náà ní kíákíá. Aago mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́, wọ́n ń rìn lọ nínú òkùnkùn, kò sí èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti èkejì mu.

"Màmá."

"Mo wà ńbí."

"Ó dà bí ẹni pé nǹkan kan ń gbé ibẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń dùn mí nìkan. Ó ń ṣe bí ẹni tó ń gbé ilé."

"Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́."

"Ẹ rò pé mo ń sínwín?"

"Mo ní má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́! Jẹun."

Ó jáde síta, ó bu omi sínú gíláàsì, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Omi náà mọ́. Ó mọ́ débi pé kò dà bí ẹni pé nǹkan wà nínú gíláàsì. Ó wò ó títí, ó sì wá dà bí ẹni pé omi náà ń wo òun padà. Ó dà á nù, ó sì fi ẹ̀yìn rìn kúrò nídìí bésìnì. Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti pe ọmọ náà ní Ẹyinjú mọ́. Tó bá fẹ́ pè é, orúkọ náà á há sí i lọ́fun, á wá ní "ìwọ," tàbí "ọmọ yìí."

Ọ̀gá Aláago wá kí wọn lọ́jọ́ kẹsàn-án. Òkè àtẹ̀gùn ló ti ń mí hẹlẹ.

"Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ẹ ò tíì kú?"

"Ìsìnkú yín ni mò ń dúró dè. Èmi ni màá fọ aṣọ tí wọ́n máa fi sin yín, mi ò ní jẹ́ kí ẹ bá wa dọ̀tí lọ sọ́run."

"Ẹ má fi ọṣẹ pọ̀ o, ara mi ò gbà á."

Ó wọlé lọ bá ọmọ náà, wọ́n sọ̀rọ̀ aago títí. Nígbà tó ń lọ, ó dúró lórí àtẹ̀gùn, kò ṣàwàdà mọ́. "Mo máa dúró dè é. Mo lè fara da oṣù mélòó kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ̀, ẹni tó máa jókòó sí àga yẹn gbọ́dọ̀ lè rí síkúrù tí kò tó kóró ata." Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè, ó ń gbọ̀n. "Ojú mi ṣì ríran, ọwọ́ ni kò sí. Ọwọ́ tiẹ̀ wà, kí ojú má wá lọ o."

Ìyá àgbà dì mọ́ irin àtẹ̀gùn títí ìró ẹsẹ̀ bàbá náà fi dákẹ́ nísàlẹ̀.

Lọ́jọ́ kejìlá, ó wọlé tẹ̀ lé wọn. Dókítà wo ojú náà pẹ́, pẹ́ gan-an. Ó ní kí ìyá àgbà sún mọ́ ọn, kó wá wò ó. Lórí awọ iwájú ẹyinjú, èyí tó yẹ kó rí bíi dígí, òrùka funfun kan ti yọ. Ó yí ọmọ ojú ká rìbìtì, bíi etí aago.

"Ìrora rẹ̀ ju ohun tí mò ń rí lọ," dókítà wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Oògùn tí mò ń fún un kò sì ràn án. Ó yẹ kí n kọ èyí tó máa ń rọ ojú lára, kí wíwú rẹ̀ lè wálẹ̀." Ó mú bírò. Kò tíì kọ nǹkan. "Àbúrò mi, má bínú pé mo tún ń béèrè. Tí omi bá ti kan lẹ́ńsì yẹn rí, oògùn tí mo fẹ́ kọ yìí, ńṣe ni màá fi tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún ohun tó wà níbẹ̀. Ojú yẹn lè lọ pátápátá. Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, dókítà."

Bírò kan ìwé.

"Ẹ dúró," Ìyá Ọlọ́ṣẹ wí. Ohùn tó jáde kì í ṣe ohùn rẹ̀. Ó kéré, bí ohùn ọmọdé tó fọ́ àwo. "Èmi ni. Omi ẹ̀rọ. Sátidé mẹ́rin. Mo rò pé ó dọ̀tí ni, dókítà, mo fi àtàǹpàkò mi fọ̀ ọ́, mo sì bu omi kún un."

Dókítà gbé bírò sílẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ rántí, Mà?"

"Ìsinsìnyí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn ni."

Dókítà wò ó. Bóyá ìwò náà pẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, bóyá ìyá àgbà ló rò ó bẹ́ẹ̀. Ẹyinjú, tó ti di ojú méjèèjì nítorí ìmọ́lẹ̀, kọjú sí ibi tí ohùn náà ti wá, ó na ọwọ́, ó wá ọwọ́ ìyá àgbà títí ó fi rí i.

"Ẹ má sunkún, Màmá. Ẹ ò mọ̀ ni."

Ìyá àgbà ò mọ̀ pé òun ti ń sunkún tẹ́lẹ̀.

Dókítà kán oògùn tó ń mú ojú kú tipiri, ó fi abẹ tín-ínrín ha orí awọ náà. Ẹyinjú ń rí abẹ náà bó ṣe ń bọ̀, kò sì mira. Wọ́n tẹ́ ohun tí wọ́n ha sórí dígí pẹlẹbẹ, wọ́n fi àwọ̀ sí i. Lọ́jọ́ kejì, dókítà ní kí wọ́n wá wo ohun tó wà lábẹ́ awò ńlá tó ń sọ nǹkan kékeré di gbàǹgbà. Ìyá àgbà fi ojú kan wò ó. Ó rí àwọn nǹkan róbótó-róbótó, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ògiri méjì, ọ̀kan nínú, ọ̀kan lóde. Wọn ò mira.

"Àmíbà ni," dókítà wí. "Inú omi ló ń gbé, nínú táǹkì, nínú páìpù, nínú erùpẹ̀. Tẹ́ ẹ bá mu ún, kò ní ṣe yín ní nǹkan. Ṣùgbọ́n tó bá rí lẹ́ńsì lẹ̀ mọ́, tí lẹ́ńsì sì gbé e dé ojú, awọ yìí ló máa ń jẹ."

"Wọ́n ti kú?"

"Wọ́n ń sùn, Mà. Tí nǹkan bá nira fún wọn, wọ́n á ká jọ sínú ilé ológiri méjì yẹn, oògùn ò ní lè wọlé bá wọn. Wọ́n lè sùn fún oṣù, fún ọdún. Ohun tá a máa ṣe ni pé nígbàkígbà tí èyíkéyìí bá ta jí, oògùn ti gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà. Wákàtí kọ̀ọ̀kan. Tọ̀sán tòru fún ọjọ́ díẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn ìyẹn a máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ó máa tó oṣù mélòó kan, ẹ jọ̀ọ́."

Ó gbé ìgò kékeré méjì lé tábìlì. Ó ṣàlàyé pé ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìbátan ohun tí wọ́n ń dà sínú omi ìlúwẹ̀ẹ́ kó lè mọ́.

"Ti òtẹ́ẹ̀lì?" Ìyá Ọlọ́ṣẹ figbe ta. "Omi tí àwọn àlejò wa ń tọ̀ sí? Ẹ fẹ́ fi ìyẹn sójú ọmọ mi?"

Ẹyinjú rẹ́rìn-ín. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí ìyá àgbà ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn.

Ọ̀gá Aláago gbé aago orí tábìlì kan wá, èyí tó ń dún bí ẹni tí wọ́n ń jà lólè. Gbogbo wákàtí ló ń dún, gbogbo wákàtí ni ìyá àgbà ń dìde. Dókítà ti kọ́ ọ: fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ṣan án, kó o wá nù ún gbẹ. Kó gbẹ dáadáa. Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbẹ fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, ó wá ń fi bébà tuntun nu ìka lọ́kọ̀ọ̀kan títí ẹ̀kán omi ò fi ní kù síbẹ̀. Àtàǹpàkò ló máa ń nù kẹ́yìn, ó sì máa ń nù ún lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà á fi ìka fa ìpéǹpéjú sílẹ̀. Ẹ̀kán kan. Á dúró ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ̀kán kan láti inú ìgò kejì. Oògùn náà máa ń ta ọmọ náà, á fi eyín di ètè, ìyá àgbà náà á sì di tirẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní ìtọ́jú, ó pe púlọ́ńbà kó wá fọ táǹkì. Ó tẹ̀ lé e gun àkàbà dé òrùlé, ó ń mí bí ẹṣin, púlọ́ńbà ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ̀kalẹ̀. Ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i. Ó ti ń retí eku tó kú, ewé jíjẹrà, ẹrẹ̀ dúdú. Ká sòótọ́, ó wù ú kó rí eku. Púlọ́ńbà gbé ìdérí kúrò. Omi náà mọ́ gaara. Ó rí ìsàlẹ̀ táǹkì ketekete, ó rí ojú ọ̀run nínú rẹ̀, ó sì rí orí ara rẹ̀ tó yọ wò ó láti ẹ̀gbẹ́.

"Omi yín mọ́ o, Màmá," púlọ́ńbà wí. "Èmi gan-an lè bù ú mu."

"Dà á nù," ó wí. "Dà á nù pátá."

Òrùka funfun náà kò tètè lọ. Oṣù kan, kò yí padà. Oṣù kejì, apá kan rẹ̀ já. Oṣù kẹta, ìrora rọlẹ̀, wọ́n ká aṣọ ìbora kúrò lójú fèrèsé. Nígbà tó fi máa pé oṣù méje, dókítà ní gbogbo ohun tí òun lè rí ti kú, ṣùgbọ́n àpá kù síbẹ̀, bí ìkùukùu. Ojú ọ̀tún ń ríran bí ẹni tó ń wo ìta láti inú ilé tí ooru omi gbígbóná ti bo fèrèsé rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé lọ́jọ́ kan wọ́n á pààrọ̀ awọ náà pẹ̀lú ti ẹni tó ti kú tó sì fi ojú tọrẹ. Kò yá báyìí ná.

Ẹyinjú ò sọ̀rọ̀ púpọ̀ sí i. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ojú òsì níṣẹ́. Ó pa lẹ́ńsì tì, ó ní kí wọ́n ṣe awò aláago kan fún òun tó gba ti àìríran jìnnà mọ́ ara, ó sì ń jókòó pẹ̀lú ẹ̀mú àti aago tó ti bàjẹ́, ó ń tú u, ó ń tò ó, ó ń tú u. Ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ń ṣi síkúrù. Lẹ́yìn náà kò ṣì í mọ́.

Ọ̀gá Aláago dúró dè é lóòótọ́. Lọ́jọ́ tó gbé àga ojú fèrèsé fún un, ọ̀sán gangan ni, ṣọ́ọ̀bù mọ́lẹ̀, aago ń dún lára gbogbo ògiri. Oníbàárà kan ti gbé aago ìyàwó rẹ̀ wá, ó jókòó, ó ń dúró. Ẹyinjú há awò mọ́ ojú òsì, ó tẹ orí ba. Ìyá Ọlọ́ṣẹ jókòó sórí àpótí nídìí ilẹ̀kùn, inú rẹ̀ dùn débi pé kò lè pa ẹnu mọ́. Ó ti pe ọmọ náà ní Ẹyinjú lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ yẹn, orúkọ náà ò sì há.

"Ẹ ò mọ ìtàn rẹ̀?" ó bi oníbàárà náà, ó na àtàǹpàkò sókè. "Òmùgọ̀ tó fa gbogbo ẹ̀ rèé!"

Ó sọ ọ́. Ó sọ ti itọ́ ọmọ ọwọ́, ó sọ ti omi tí àwọn àlejò ń tọ̀ sí. Oníbàárà ń rẹ́rìn-ín, Ọ̀gá Aláago, tó ti gbọ́ ọ nígbà mẹ́wàá, ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wọn dùn mọ́ ọn, ó sì fi kún un láì rò ó.

"Ẹ̀yin ẹ máa rẹ́rìn-ín! Bí dókítà ṣe la ẹnu pé ṣé omi kan lẹ́ńsì, àtàǹpàkò yìí gbóná bí ẹni pé wọ́n fi iná jó o! Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ pa mí lẹ́nu dé, ni mo bá ní kí wọ́n fún mi lómi mu! Omi kẹ̀! Èmi, tí omi ti kó bá!"

Ó fi ọwọ́ lu itan, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Oníbàárà náà ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Aláago ti dákẹ́.

Ẹ̀mú dúró lókè aago. Ẹyinjú gbé orí sókè, awò náà ṣì wà lójú òsì, ojú ọ̀tún, èyí tó ní ìkùukùu, ló sì fi ń wo ìyá àgbà. Àwọn aago ara ògiri ń rìn, kò sí èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti èkejì mu.

"Màmá," ó wí, ohùn rẹ̀ kò le, "omi tẹ́ ẹ ní kí wọ́n fún yín mu yẹn, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni. Èmi ni mo gbé ife náà lé yín lọ́wọ́."